Bátìrì Kò Mọ "Ó Tó"

Òórùn ló jí mi. Kì í ṣe òórùn iná, kì í sì í ṣe ti rọ́bà tó ń jó. Ó jọ òórùn ohun tí àwọn obìnrin fi ń nu ọ̀dà èékánná. Ó dùn díẹ̀, ó sì ń ta mí lọ́fun. Aago márùn-ún ìdájí kò tíì lù. Láti pálọ̀ ni ìró kan ti ń wá, ṣííí, bí ìgbà tí èèyàn bá rọra ń ṣí ìdérí mínírà. Ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún mẹ́rin, ló sùn sórí àga gígùn ní pálọ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, torí pé fáànù ibẹ̀ ló ń fẹ́ dáadáa.

Lórí tábìlì, níbi tí kò ju ìgbésẹ̀ mẹ́ta lọ sí ibi tí ọmọ náà gbórí lé, bátìrì kan tí kò gùn ju ìka mi lọ ń tú èéfín funfun jáde. Mo gbé ọmọ fún ìyá rẹ̀, mo ní kí wọ́n jáde síta. Mo fi aṣọ bo imú, mo já ṣájà kúrò lára ògiri, mo ṣí fèrèsé. Ẹ̀mú tí a fi ń yí ẹja lórí ààrò ni mo fi gbé bátìrì náà lọ sórí sìmẹ́ǹtì ẹ̀yìnkùlé, mo da omi korobá kan lé e lórí, mo tún lọ pọn òmíràn. Àṣìṣe ni gbígbé tí mo gbé e yẹn, ó lè bú gbàù lójú mi. Lẹ́yìn tí mo ti já ṣájà tán, omi ló yẹ kí n dà lé e níbi tó wà, kí n sì sá jáde, torí pé èéfín yẹn ní oró. Hydrogen fluoride wà nínú rẹ̀, ẹ̀dọ̀fóró ló sì ń bá jà.

Nígbà tí mo padà wọlé, ihò dúdú wà lórí tábìlì, ó ti jó wọ inú pákó. Abọ́ ike tí mo gbé bátìrì náà sí ti yọ́ mọ́ aṣọ tábìlì. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn títí ilẹ̀ fi mọ́, mi ò lè sọ̀rọ̀.

Mi ò ní fi ohunkóhun pa mọ́ nínú bí ó ṣe dé bẹ̀, torí pé gbogbo ohun tí mo ṣe lọ́dún tó ṣẹlẹ̀ ni mo ń rí lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ bọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà kéékèèké lọ́dọ̀ mi báyìí. Wọ́n mọ ètò í kọ, wọ́n mọ wáyà á so. Kò sí ẹni tó bá wọn sọ̀rọ̀ bátìrì rí.

Àǹtí mi, àbúrò ìyá mi, ń sin adìẹ ní Ẹgbẹ́dá, ní ìta Ìbàdàn. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2021, ó kó òròmọdìẹ 200 wọlé, tó fẹ́ tà nígbà Kérésìmesì. Òròmọdìẹ tuntun kò ní ìyẹ́ tó lè fi bo ara rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ooru ibi tó wà gbọ́dọ̀ wà láàárín 32 sí 35 ní ìwọ̀n Celsius. Bí òtútù bá mú wọn, ńṣe ni wọ́n á kó jọ síbì kan, wọ́n á máa gun ara wọn, àwọn tó wà nísàlẹ̀ á sì kú. Ìkòkò èédú ni àǹtí mi fi ń mú ilé wọn gbóná, èédú a sì máa kú ní nǹkan bí aago mẹ́ta òru, nígbà tí oorun dùn jù lọ.

"Ìwọ tí o ń fi kọ̀ǹpútà dárà," ó wí fún mi, "ṣé o ò lè ṣe ohun tí á máa jí mi?"

Bọ́ọ̀dù tí mo lò ni ESP32, tí ilé-iṣẹ́ Espressif ní Ṣáínà gbé jáde ní 2016. Ó kéré, owó rẹ̀ kò pọ̀, Wi-Fi sì wà nínú rẹ̀. Mo so ohun tó ń wọn ooru mọ́ ọn. Alẹ́ méjì ni mo fi kọ ètò rẹ̀: bí ooru bá já sísàlẹ̀ 31, kí fóònù àǹtí mi máa dún. Iṣẹ́ tó yá mi lórí nìyẹn. Bátìrì kì í yá ẹnikẹ́ni lórí. Òun ni a máa ń fi sílẹ̀ di ìparí, a ó wá wo ohun tó bá wà nílẹ̀, a ó sì so ó mọ́ ọn. Ibẹ̀ gan-an sì ni ewu wà, torí pé bọ́ọ̀dù tí ètò rẹ̀ kò dára kò ní jó ilé.

Ohun tó kọ́kọ́ wà nílẹ̀ ni bátìrì onígun mẹ́rin kékeré, oní fóltì 9. Fóltì 3.3 péré ni ESP32 ń fẹ́. Nǹkan dúdú kékeré kan wà lórí bọ́ọ̀dù náà tí wọ́n ń pè ní AMS1117. Òun ló ń dín iná tó bá wọlé kù sí 3.3, bó sì ṣe ń dín in kù ni pé ó ń sọ ìyókù di ooru. Nínú fóltì 9, ó ju ìdajì lọ tó ń di ooru lásán. Mo fi ìka kàn án, mo fà á kíá. Bátìrì náà kò sì lò dé ìdájí.

Mo wá yí sí bátìrì láàpútọ́ọ̀pù. Mo ra ògbólógbòó kan, mo là á, mẹ́fà ló wà nínú rẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń pè ní 18650 nítorí pé fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 18, gígùn rẹ̀ sì jẹ́ 65. Sony ló kọ́kọ́ gbé bátìrì lítíọ́ọ̀mù irú èyí sọ́jà ní 1991. Ní 2019 ni wọ́n sì fún Goodenough, Whittingham àti Yoshino ní ẹ̀bùn Nobel nítorí ìmọ̀ tó bí i. Agbára ńlá ni wọ́n rọ sínú ohun tó kéré bẹ́ẹ̀. Mo fi mítà wọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Mẹ́rin ti kú pátápátá, ọ̀kan fi 3.6 hàn, ìkejì 3.5. Lójú mi nígbà náà, èyí tó bá ti fi 3.6 hàn ti yè nìyẹn. Mítà kò lè sọ iye ọdún tí bátìrì ti lò, kò lè sọ ìgbà tó ti ṣubú rí, tàbí bí ooru ṣe jẹ ẹ́ nínú láàpútọ́ọ̀pù ẹni tó ni ín.

Ṣájà rẹ̀ ni bọ́ọ̀dù búlúù kékeré tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ TP4056. Irú méjì ló wà lọ́jà, wọ́n jọra bí ìbejì. Ọ̀kan ní ojú ibi tí a ń jó wáyà mọ́ mẹ́rin: méjì fún iná tó ń wọlé, méjì fún bátìrì. Ìkejì ní mẹ́fà, torí pé olùṣọ́ kan wà lórí rẹ̀ tó ń já iná bí bátìrì bá kún jù, tó ń já a bó bá gbẹ jù, tó sì ń já a bí wáyà méjì bá kanra. Àwọn méjì tó ṣẹ́kù yẹn ni wọ́n kọ OUT sí lára. Ìyàtọ̀ owó wọn nígbà náà kò tó ra búrẹ́dì. Mo ra oníhò mẹ́rin, torí pé òun ló wà níwájú mi lórí àtẹ.

Mo so bátìrì náà mọ́ ẹsẹ̀ bọ́ọ̀dù tí wọ́n kọ 5V sí. Ó ṣiṣẹ́! Inú mi dùn púpọ̀ débi pé mo ya fọ́tò rẹ̀. Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé AMS1117 yẹn ń fẹ́ kí ohun tó ń wọlé fi nǹkan bí fóltì 1.1 ju ohun tó máa jáde lọ. Kí 3.3 tó lè jáde, ohun tó wọlé gbọ́dọ̀ tó 4.4. Bátìrì lítíọ́ọ̀mù kan ṣoṣo, bó kún dẹ́nu, 4.2 ni. Láti ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ ni ebi ti ń pa bọ́ọ̀dù mi. Nígbà tí bátìrì sọ̀kalẹ̀ dé 3.7, ohun tó ń dé ọ̀dọ̀ ESP32 kò ju 2.6 lọ. Bẹ́ẹ̀, nígbà tí Wi-Fi bá fẹ́ sọ̀rọ̀ ni bọ́ọ̀dù náà ń fa iná jù lọ. Espressif fúnra wọn ní kí ohun tí a fi ń bọ́ ọ lè fún un ní miliámpù 500. Nígbàkígbà tó bá fẹ́ ké sí àǹtí mi, iná á já sísàlẹ̀, bọ́ọ̀dù á kú, á tún jí, á tún fẹ́ ké, á tún kú.

Ní òru kẹta, èédú kú ní Ẹgbẹ́dá. Fóònù kò dún.

Àǹtí mi ti sùn fọkàn balẹ̀, torí pé mo ti ṣèlérí. Nígbà tó débẹ̀ láàárọ̀, 39 ti kú, wọ́n wà nísàlẹ̀ àwọn yòókù bí aṣọ tí èèyàn ká sílẹ̀. Kò pariwo mọ́ mi lórí fóònù. "Ọmọ mi, ó dákẹ́ o," ohun tó sọ nìyẹn. Ó tún sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, "Ó kàn dákẹ́." Ìdákẹ́jẹ́ ohun èlò náà ló ń sọ, ṣùgbọ́n èmi tí mo ń gbọ́ ọ, mi ò lè sọ̀rọ̀.

Ojú tì mí láti lọ síbẹ̀. Ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko ni nǹkan náà fi wà lára ògiri ilé adìẹ. Gbogbo ọjọ́ yẹn, iná pupa kékeré orí bọ́ọ̀dù náà ń ṣẹ́jú títí ó fi pòórá, AMS1117 sì ń mu tirẹ̀. Kò sí ẹni tó sọ fún bátìrì pé kó dáwọ́ dúró. Nígbà tí mo fi mítà wọ̀n ọ́n nílé, 0.9 ni mo rí. Irú bátìrì yẹn kò gbọ́dọ̀ lọ sísàlẹ̀ 2.5.

Ibi tó yẹ kí n ti jù ú nù nìyẹn. Ṣùgbọ́n mo ro owó rẹ̀, mo ro ìtìjú mi, mo fi í sí ṣájà.

Ewé bàbà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà nínú bátìrì náà. Bí iná rẹ̀ bá lọ sílẹ̀ jù, bàbà yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í yòrò sínú omi inú rẹ̀. Bí a bá tún wá rọ iná sí i, bàbà tó yòrò á máa lẹ̀ mọ́ nǹkan, ṣùgbọ́n kì í padà síbi tó ti wá. Ó lè hù bí ẹ̀gún, kó gún ẹ̀gbẹ́ méjì tí kò gbọ́dọ̀ fara kanra pọ̀. Láti ìgbà náà lọ, inú bátìrì ni iná bátìrì ń jó. TP4056 kò lè rí ìyẹn. Ó rọra bọ́ ọ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi kọjá 2.9, ó sì ṣí ọ̀nà sílẹ̀ fún odindi ámpù 1, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Mo pa iná pálọ̀, mo lọ sùn.

Lọ́sẹ̀ yẹn, mo gbé àjókù náà lọ sọ́dọ̀ bàbá kan tó ń tún rédíò ṣe ní Mọ́kọ́lá, tó ti wà nídìí iṣẹ́ náà kí wọ́n tó bí mi. Bàbá kò mọ ESP32. Ó yí bátìrì náà síwá sẹ́yìn, ó wo wáyà tí mo jó mọ́ ọn.

"Ní ilé rẹ, bí wáyà méjì bá kan ara wọn, kí ló ń ṣẹlẹ̀?"

"Fíúsì á já ni, Bàbá."

"Ta ló gbé fíúsì síbẹ̀?"

"Rewáyà ni, sà."

"Èyí ńkọ́? Ta ló ń sọ fún èyí pé ó tó?"

Mi ò ní èsì. Bàbá ní bátìrì dà bí ọlọ́rọ̀ tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ pé rárá: gbogbo ohun tí wọ́n bá béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń kó o sílẹ̀ ni. Mo ti ronú sí ọ̀rọ̀ yẹn títí, òótọ́ ni. Bọ́ọ̀dù mi kò fa ju ìdajì ámpù lọ, ni mo ṣe ń rò pé nǹkan kékeré ni mò ń bá ṣeré. Ṣùgbọ́n kì í ṣe bọ́ọ̀dù ló ń pinnu iye tí bátìrì lè tú sílẹ̀. Bí wáyà méjì bá kanra lórí 18650 kan ṣoṣo tó dára, ó lè tú ámpù 40 sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Wáyà tín-ín-rín tí a fi ń so nǹkan lórí tábìlì á pọ́n bí irin alágbẹ̀dẹ. Bí kọ́kọ́rọ́ inú àpò bá kan bátìrì tó wà nínú àpò kan náà, ohun kan náà ni.

Àwọn tó ń ṣe bàálù pàápàá kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní oṣù Kìn-ín-ní 2013, bátìrì lítíọ́ọ̀mù Boeing 787 kan gbiná ní pápákọ̀ òfuurufú Boston. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn rẹ̀ tí ti òmíràn fi ń rú èéfín lójú òfuurufú ní Japan, wọ́n sì fi gbogbo 787 tó wà lẹ́nu iṣẹ́ nígbà náà, tí wọ́n jẹ́ 50, sílẹ̀ láìfò fún oṣù mélòó kan. Ohun tó wú mi lórí jù nínú àtúnṣe wọn ni pé wọn kò gbára lé ìlérí pé kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́. Wọ́n fi àpótí irin bo bátìrì, wọ́n la ọ̀nà fún èéfín láti inú àpótí náà bọ́ sí ìta ọkọ̀. Wọ́n bi ara wọn léèrè pé bó bá tún gbiná, níbo ni iná náà máa gbà lọ. Èmi kò béèrè ìyẹn rí. Orí aṣọ tábìlì ni mo gbé tèmi sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ mi. Bó bá sì jẹ́ pé Ẹgbẹ́dá ló ti ṣẹlẹ̀, orí pákó gbígbẹ tí wọ́n fá tẹ́ sílẹ̀ fún àwọn òròmọdìẹ ni ì bá já sí.

Mi ò la bátìrì láàpútọ́ọ̀pù mọ́. Tuntun ni mo ń rà, mo sì ń sá fún èyí tí wọ́n bá kọ 9,900 miliámpù-wákàtí sí lára, torí pé ní 2021, èyí tó dára jù lọ lára 18650 kò ju 3,600 lọ. Ẹni tó bá purọ́ lórí nọ́ńbà, kí ni kò ní purọ́ lé lórí? Ṣájà oníhò mẹ́fà ni mò ń lò, ojú OUT ni mo sì ń jó wáyà bọ́ọ̀dù mọ́. Fíúsì ámpù 1 wà lórí wáyà pupa, lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí bátìrì gan-an, torí pé wáyà tó bá wà láàárín bátìrì àti fíúsì kò ní ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Mo pa AMS1117 tì. AP2112K ni mo fi rọ́pò rẹ̀: ó lè fúnni ní miliámpù 600, bó sì ń fún ọ ní gbogbo rẹ̀, nǹkan bí ìdá mẹ́rin fóltì kan ló ń fẹ́ lórí. Ẹsẹ̀ 3.3 ni mo so ó mọ́.

Ohun kan wà tí mo ń pariwo rẹ̀ létí àwọn ọmọ iṣẹ́ mi lójoojúmọ́, torí pé èmi náà ti ṣe é lẹ́ẹ̀mejì kí n tó mọ̀. Bí bátìrì bá wà lára ẹsẹ̀ 5V, tí o tún wá ki okùn USB bọ bọ́ọ̀dù láti yí ètò rẹ̀ padà, iná USB lè gba ẹsẹ̀ yẹn wọ inú bátìrì tààrà, láìsí ṣájà láàárín. Nǹkan bí fóltì 4.7 á máa rọ́ wọ inú ohun tí òpin rẹ̀ jẹ́ 4.2. Ìwọ á máa wo kọ̀ǹpútà, bátìrì á máa wú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ rẹ. Yọ bátìrì ná! Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn bátìrì pẹlẹbẹ tó ní ẹnu funfun tí a ń kì bọ bọ́ọ̀dù: àwọn kan ń to pupa àti dúdú wọn ní òdìkejì bí bọ́ọ̀dù rẹ ṣe tò ó. Fi mítà wò ó kí o tó kì í bọ̀ ọ́. Bọ́ọ̀dù tí pupa bá wọ ilé dúdú rẹ̀ kì í sábà jí mọ́.

Ẹni tí gbogbo èyí bá pọ̀ jù fún, kó ra páwà báńkì gidi, kó fi okùn USB so ó. Gbogbo olùṣọ́ ti wà nínú rẹ̀. Kó ṣáà mọ̀ pé púpọ̀ nínú wọn máa ń pa ara wọn bí ohun tó ń mu iná wọn bá mu díẹ̀ jù.

Ìyípadà tó ṣe pàtàkì jù fún àǹtí mi kò sí lára bátìrì rárá. Láyé àkọ́kọ́, ariwo ni àmì ewu. Ní báyìí, bọ́ọ̀dù ń ránṣẹ́ ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún, ó ń sọ iye ooru àti iye fóltì tó kù. Bí ìṣẹ́jú 15 bá kọjá tí kò fọhùn, fóònù àǹtí mi á dún. Ìdákẹ́jẹ́ ni àmì ewu.

Ọdún kan kọjá kó tó gbà kí n gbé òmíràn wá. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé adìẹ, ó káwọ́ lérí, ó ní kí n fi wọ́n han òun lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ti sọ ìbéèrè bàbá Mọ́kọ́lá fún un, ó sì di tirẹ̀.

"Bó bá gbẹ jù, ta ló ń sọ fún un pé ó tó?" Mo fi olùṣọ́ orí ṣájà hàn án.

"Bí eku bá jẹ wáyà ńkọ́?" Mo fi fíúsì hàn án. Èmi fúnra mi kò tíì ronú kan eku.

"Bí gbogbo wọn bá kùnà?"

Mo fi agolo irin tí bátìrì wà nínú rẹ̀ hàn án, tó wà lára ògiri ìta, tí ihò rẹ̀ kọjú sí gbangba, jìnnà sí pákó fífá àti èédú. Kò tíì dá mi lóhùn. Ó gbé ẹ̀yìn ọwọ́ lé agolo náà, bó ṣe máa ń gbé e lé omi mímu àwọn òròmọdìẹ kó tó gbé e fún wọn, ó sì fi í síbẹ̀ pẹ́ díẹ̀.

"Ó tutù," ó wí, ó sì wọlé lọ kó èédú sínú ìkòkò.